Ẹ Má Se Ẹja Ìrántí Ìyá Dúpẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Fẹ́mi. Ẹ kú òtútù etí òkun, ẹ sì kú wàhálà ìrántí ìyàwó mi tó ń bọ̀ ní Sátidé. Mo kí Fẹ́mi ọmọ yín àti aya rẹ̀, mo kí àwọn àna mi tó ti ń kó ìkòkò jọ. Akọ̀wé ìjọ wa ní Ugbuwangue, ní Wàrí níbí, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìjọ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ará Ìlàjẹ ló ń ra ẹja lọ́wọ́ wa.

Ẹ má se ẹja inú apẹ̀rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ má tọ́ ọ wò.

Mo pe Fẹ́mi lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, Bàbá Wàrí, bó ṣe máa ń pè mí, ẹja tó dán báyìí, ṣé kí àwọn máa fi ojú jẹ ẹ́ ni? Ó ní òun tilẹ̀ ti fún àwọn àna mi ní díẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo bú u, mo pa fóònù.

Ẹ mọ̀ pé epo rọ̀bì wà nínú omi kànga wa. Tí ẹ bá bù ú sínú abọ́, ẹ ó rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú rẹ̀. Òun la mu títí ikùn Ìyá Dúpẹ́ fi wú. Dókítà kò sọ pé omi ni, èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ ohun tó mu.

Lẹ́yìn tí a gbé e wálé sin, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì gbé àgbá kan sétí omi wa. Èédú ló kún inú rẹ̀, èèpo ekùrọ́ ló fi ṣe é, a sì ń da omi kànga gba inú rẹ̀ kọjá. A ń pe ọmọbìnrin náà ní Ìyá Èédú, ó sì ń dáhùn. Ó ní kí a máa da oògùn olómi kan sí i, pé èédú yóò di oró inú omi mú, òun àti oògùn náà yóò sì fọ́ ọ títí kò fi ní lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Omi náà mọ́ gaara. Nígbà tó yá, oògùn tán, Ìyá Èédú kò sì tètè padà wá. Omi ṣì ń mọ́, a kò dúró. Èédú tí a bá ti lò tó, a ó kó o sínú àpò, a ó fi òmíràn rọ́pò. Ó ti ní kí àpò wọ̀nyẹn dúró de òun. Kò sọ ìdí, a kò sì bi í.

Òjò Wàrí dé, igi kò gbẹ. Ìyá Tóyìn, aládùúgbò mi tó ń bá mi yan ẹja láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kó èédú inú àpò sábẹ́ ààrò. Iná náà gbóná, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń ṣe búlúù. Mo bi í léèrè, ó fi èdè Wàrí dá mi lóhùn pé, "Baba, faya na faya," pé iná kan náà ni gbogbo iná. Ìyàwó mi ìbá ti gbóòórùn rẹ̀ látinú ọkọ̀ lójú omi. Èmi kò ní irú imú yẹn. Ẹja náà ń dán. Eṣinṣin kò bà lé e. A ní ó gbẹ dáadáa ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Èédú dé. Ìyá Tóyìn fi àwàdà sọ fún un pé kó má wulẹ̀ ru ẹrù, àwọn ti bá a jó o. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí imú ọkọ̀ mi. Ó ní láti ìgbà tí oògùn ti tán, èédú kò fọ́ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń kó o pamọ́ sára. Ohun tí kò jẹ́ kí a mu, iná tú u sílẹ̀, èéfín gbé e wọ ẹja. Mo bi í bóyá ó ń pa èèyàn. Ó ní òun kò tíì mọ̀, òun ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tí dókítà fi sọ pé òun kò mọ̀ nìyẹn. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn.

Etí omi ti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò yan ẹja. Mo jókòó, mò ń gbọ́ òjò lórí páànù. Èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ má sunkún nítorí ìyẹn.

Ẹ má jù ú sómi, ẹja mìíràn yóò jẹ ẹ́. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ kò dára. Ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ tí a ní nílé kò ju ibi tí Ìyá Dúpẹ́ sùn sí lọ. Ẹ di apẹ̀rẹ̀ náà sínú ọ̀rá, ẹ so ó sókè àjà. Mò ń bọ̀ wá gbé e fún Ìyá Èédú. Ẹ fi ẹ̀wà bọ́ àlejò. Ẹni tó bá ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹnu yín, yóò ṣọ́ ikùn àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí láti ilé dé ilé, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ gba ẹja lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kí wọn.

Èmi ni, àbúrò yín tí ẹ tọ́ bí ọmọ yín,
Bàbá Dúpẹ́