Lateefat, Ta Ló Ní Ọmọbìnrin Kì Í Ṣe Ọmọ?

Ọdún márùn-ún pé lónìí, Lateefat, tí o filẹ̀ ṣaṣọ bora. Ọdún márùn-ún gbáko! Ojú àwa ẹbí rẹ ti gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí wa.

Ọmọbìnrin márùn-ún lo bí fún Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ ní Mushin. Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ní ilé ọmọ òun á pa rẹ́ bí o kò bá bí ọkùnrin. Níbi ìkarùn-ún, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ lọ. Dókítà ní o ò gbọdọ̀ lóyún mọ́. O gbọ́. O fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ gba ìfètòsọ́mọbíbí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ lọ mú ọkọ yín wá, kó wá fọwọ́ síwèé."

Ọ̀ṣẹ́nì fárígá. "Ṣé kí n fọwọ́ ara mi dínà ọmọkùnrin mi ni?"

Ara rẹ ni o! Ara tìrẹ! Ìwé wo ni ẹlòmíràn fẹ́ fọwọ́ sí lórí ẹ̀?

Oyún kẹfà dé; nígbà tí o bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Obìnrin ni Fadilah tí o fi sáyé lọ náà. Ó pé ọmọ ọdún márùn-ún lónìí, kò sì sẹ́ni tó lè jó.

Aneesah, àkọ́bí rẹ, ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Yaba. Ọ̀dọ̀ Sìmíátù ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ń gbé.

Ìyàwó tí Ọ̀ṣẹ́nì tún fẹ́ ti bí obìnrin méjì. Orin àná ni wọ́n tún ń kọ sí i létí! Lóṣù tó kọjá, Sìmíátù mú ìyàwó náà lọ síbi ìfètòsọ́mọbíbí tí wọn kì í ti í béèrè ọkọ. Ọ̀ṣẹ́nì gbọ́, ló bá fìbínú já wọlé Sìmíátù.

Aneesah ló dìde sí i. "Bàámi, obìnrin mélòó lẹ fẹ́ sin kẹ́ ẹ tó rí ọmọkùnrin?"

Ọ̀ṣẹ́nì jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹkún ọ̀sán gangan! Kò jí ọ, Lateefat. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì kò dá ìyàwó rẹ̀ lẹ́kun mọ́.

Ní Sátidé, tí a bá ń dirun àwọn ọmọ rẹ, ọwọ́ rẹ là ń wá. Àárò rẹ ń sọ wá, ó ń sọ wá gan-an ni. A fẹ́ràn rẹ, a ò ní yéé fẹ́ràn rẹ. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ ọ.