Àwọn Ìwé Èsì Tí Mo Kà Sódì

Ilé Sàláúdéènì Aláṣọ,
Boukoki, Niamey.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 1980.

Màríámọ̀ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí ìyá àgbà rẹ, mo kí gbogbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ibẹ̀ ti ń bá ọ lára mu? Àwa níbí kò ṣàìsàn, Ọlọ́run la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ti túnu ààwẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá rẹ bu oúnjẹ tìrẹ sínú àwo rẹ lọ́jọ́ náà, kó tó rántí pé o ò sí nílé. Òjò ń rọ̀ gan-an lọ́dún yìí, gbogbo ẹnu ọ̀nà wa ti di ẹrọ̀fọ̀.

Mo mọ̀ pé bí o ṣe rí ìkọ̀wé mi lára àpòòwé yìí, àyà rẹ ti já pé Bàbá tún ti dé. Mi ò wá bá ọ jà. Jókòó, kí o kà á dópin. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè rán sí ọ lẹ́nu Yàhàyá awakọ̀, òun ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ ní gáréèjì lọ́jọ́ tí ò ń lọ, mo wá gbà á padà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ nígbà náà pé máàkì rẹ kò tó láti lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran ní Dakar. O fi ẹsẹ̀ rìn wálé láti ọ́fíìsì àwọn tó ń yan ọmọ lọ síbẹ̀, o fa fọ́ọ̀mù náà ya, o ní kí n jẹ́ kí o lọ bá ìyá àgbà kọ́ aṣọ rírán. Dípò kí n tù ọ́ nínú, mo ní ọdún mẹ́jọ ni mo fi rán ọ lọ sílé-ìwé girama, o wá dójú tì mí lójú gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey. O kàn gbé àpótí rẹ, o wọ mọ́tò. Mo gba ọ̀rọ̀ náà padà níwájú ìyá rẹ, tó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin, Mùsíò Boubacar, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ní àdúgbò Banifandou, wá ra àǹkárá ọdún fún àwọn ìyàwó rẹ̀. O mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Haúsá rojọ́ fún un pé àwọn èèyàn ìlú yìí kò fẹ́ràn ọmọ àlejò. Mo ní ọmọ mi tó ń ṣe ipò kẹjọ, ipò kẹsàn-án láti kékeré, òun ni wọ́n sọ pé máàkì rẹ̀ kò tó. Mo ní tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó dúró. Mo ṣí àpótí aṣọ, mo kó gbogbo ìwé èsì rẹ jáde, láti ọdún àkọ́kọ́ ní girama títí dé ìparí. Àárín léèsì ni mo máa ń tọ́jú wọn sí. Kò sí èyí tó sọnù.

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka ọ̀kan, ó ka èkejì. Ó wá bi mí pé, "Málàm Sàláù, níbo lo ti rí ipò kẹjọ?" Mo fi ìka sí i: nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò pupa kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, tí wọ́n sì fàlà sí nídìí. Níbi tí èmi ti kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ipò ni gbogbo wa máa ń wá nínú ìwé èsì. Ẹni tó bá ṣe ìkíní ló mọ̀wé jù, ẹni tó bá ṣe ogójì ni olódo. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ti àwọn Faransé yàtọ̀. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: ẹnì kan sọ fún mi, ìwọ ni, mo sì fọ́ ọ létí.

Mùsíò Boubacar ní nọ́ńbà pupa yẹn kì í ṣe ipò. Máàkì gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n rò pọ̀ tí wọ́n sì pín, nínú ogún. Mẹ́jọ nínú ogún kò tó ìdajì. Méjìlá dára. Ó ní ọmọ tó bá gba mẹ́rìnlá, bàbá rẹ̀ a máa pe èèyàn wá jẹun. Ó wá fi ìka tirẹ̀ sí igun ìwé, níbi tí wọ́n kọ ipò sí wínníwínní, tí ojú mi kò débẹ̀ rí. Sáà tí o gba mẹ́rìnlá lọ́dún 1973, ipò kejì lo ṣe nínú ọmọ méjìlélógójì. Ipò kejì, Màríámọ̀!

Mo rántí sáà yẹn dáadáa. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, méjìlá lo mú wálé, mo fajú ro. Nígbà tí o wá mú mẹ́rìnlá dé, mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀yìn lo tún ń lọ!" Mo fa bẹ́líìtì yọ. O ń ké pé, "Bàbá, ó dára, tíṣà ní ó dára," mo ní o tún ń purọ́ mọ́ ọn. Irin bẹ́líìtì yẹn ló ṣe ọ́ léjìká, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Sáà tó tẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án lo mú wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa adìẹ, mo yọ itan rẹ̀ fún ọ. Lọ́dún kejì, mẹ́jọ, mo tún pa adìẹ, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń bá a lọ fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ní kí o tún kíláàsì kan kà, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé jà. Mo ń fi Haúsá bú u, ó ń fi Faransé dá mi lóhùn, mo sì jáde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Báwo ni wọ́n á ṣe ní kí ẹni tó ṣe ipò kẹjọ tún kíláàsì kà? Gbogbo ara mi ń gbóná pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Àṣé èmi gan-an ni mò ń rẹ́ ọ jẹ.

Lẹ́yìn tí a ṣínu lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Ó ní ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́ nígbà tí o sọ fún òun níbi tí ẹ ti ń fọṣọ pé, "Màmá, tí mo bá gba púpọ̀, Bàbá á nà mí. Tí mo bá gba díẹ̀, wọ́n á pa adìẹ. Màá kúkú máa gba díẹ̀." Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá Màríámọ̀, ta ló lè bá yín sọ̀rọ̀ nígbà yẹn?" Mo sunkún, ọmọ mi, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sunkún lórí ẹní níwájú ìyàwó mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro gbogbo rẹ̀. Ọdún 1973 yẹn náà, tí ọ̀dá dá, ni àwọn Fúlàní kó wọ ìlú pẹ̀lú ìwọ̀nba màlúù tó ṣẹ́ kù fún wọn, tí ìwọ sì ń yọ́ jáde nílé lọ fún ọmọ màlúù lómi mu. Tí o bá dé, màá ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ títà, torí pé ò ń rùn. Màá ní, "Ọmọ aláṣọ wo ló ń rùn báyìí?" Mo rò pé ìwà àìgbọràn lásán ni. Mi ò mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn ẹran yẹn, kò sẹ́ni tó ń nà ọ́ tí o bá ṣe dáadáa.

Nígbà tí o wá dé kíláàsì mẹ́ta tó kẹ́yìn ní girama, èmi náà kò gbélé mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa yurẹ́níọ̀mù ní Arlit, owó wọ ìlú, aṣọ ń tà wàràwàrà, mo ń lọ Kánò, mo ń bọ̀ láti Kútọnù. Mi ò ráyè wo ìwé èsì kankan. Mùsíò Boubacar tẹ́ wọn sílẹ̀ fún mi: lọ́dún mẹ́ta tí mi ò wò wọ́n yẹn, mọ́kànlá ni, méjìlá, mẹ́tàlá. Ìgbà tí mi ò sí nílé ni ìwé rẹ ń dára. Àmọ́ àwọn tó ń yan ọmọ lọ sí Dakar, gbogbo ọdún ni wọ́n rò pọ̀, ó wá já sí mẹ́wàá àti díẹ̀. Méjìlá ni wọ́n sì ń fẹ́.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, èmi àti Mùsíò Boubacar kó àwọn ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Sójà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí a padà wá lọ́la. A padà, ó tún ní ọ̀la. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, mo sì ṣe sùúrù, èmi tí o mọ̀ yìí. Ọ̀gá tí a rí níbẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ka nọ́ńbà. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, ẹ̀rín náà tán. Ó ní láti ìgbà ọ̀dá ni ìjọba ti ń wá dókítà ẹran lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n òun kò lè pa nọ́ńbà kankan rẹ́, òfin ni. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọmọ náà fúnra rẹ̀, bí òbí bá kọ̀wé ṣàlàyé, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá sì jẹ́rìí sí i.

A ti ibẹ̀ lọ bá Àbdùlkàdírì, olórí àwọn tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́, tí o máa ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá ti gba ọlidé. Òun ló sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí fún mi: pé ọmọ há sínú abo màlúù kan lọ́jà, ọwọ́ tòun sì tóbi jù. Ó ní o ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, o rọra yí ọmọ náà, tìyá tọmọ sì yè. Ó ní o ò pariwo, o kàn ń bá màlúù náà sọ Yorùbá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Èmi náà kọ tèmi. Mùsíò Boubacar ló fi Faransé kọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Mo ní kó fi Haúsá kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Èmi Sàláúdéènì, oníṣòwò aṣọ ní Boukoki, ni mo na ọmọ mi nítorí pé ó mọ̀wé, tí mo sì ń pa adìẹ fún un nígbà tí kò mọ̀ ọ́n. Máàkì ọdún mẹ́rin yẹn, tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí i lọ́rùn." Mùsíò Boubacar ní ṣé kí òun dín in kù díẹ̀, nítorí ìtìjú. Mo ní kó má dín nǹkan kan kù.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa jókòó, wọ́n sì fẹ́ rí ọ lójúkojú. Mi ò ní tàn ọ́. Ọ̀gá yẹn ní àwọn kan wà nínú wọn tí kì í wò ju nọ́ńbà lọ, wọ́n sì lè sọ pé rárá. Tí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni màá wà. Tí aṣọ rírán bá sì ti wọ̀ ọ́ lára, tí o ò fẹ́ padà, mi ò ní fipá mú ọ, mi ò sì ní bínú. Àmọ́ má ṣe jókòó síbẹ̀ nítorí pé o gbà pé o ò mọ̀wé. O mọ̀wé, Màríámọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà.

Dárí jì mí. Mi ò tíì bẹ ọmọ kankan báyìí rí láyé mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa. Yàhàyá tó mú lẹ́tà yìí wá máa padà sí Niamey lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti ní kó fi àyè iwájú sílẹ̀ fún ọ, bóyá o wá bóyá o ò wá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi gba màlúù àti ọmọ rẹ̀ là ṣófo láé. Kí Ó tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe, kí Ó sì jẹ́ kí n rí i kí n tó kú. Kí Ó dá ìyá àgbà rẹ sí fún wa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń bẹ̀ ọ́,
Sàláúdéènì.

Mo tún rántí: mo ra adìẹ kan lọ́jà lánàá, adìẹ pupa tó sanra. Adìẹ ipò kejì ọdún 1973 ni. Mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àmù ìyá rẹ, mo ní ọjọ́ tí o bá dé la máa pa á. Ṣùgbọ́n ó yé ẹyin láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ sì ní bóyá kí a fi í sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, màá ti pàṣẹ, màá ti mú ọ̀bẹ. Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹran nínú ilé yìí. Mi ò ní fọwọ́ kàn án títí o fi máa sọ ohun tí a ó ṣe.