Aṣọ Tí Ọwọ́ Ń Rí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Ajégúnlẹ̀ níbí tí mo fi ń kí yín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo kí yín o. Adùkẹ́ àbúrò mi, ìwọ tí ò ń kà á sí wọn létí, o kú ìtọ́jú ìyá. Má fo ìkankan. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ síta, kí àwọn tó fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lè rí i kà.

Ìyá mi, Adùkẹ́ sọ fún mi lórí fóònù. Ó ní níbi ìsọmọlórúkọ yẹn, ẹ ró ìró lódì, òkè di ìsàlẹ̀, ojú rírán ló wà níta, àwọn ọmọdébìnrin wá ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ náà ẹ ò jáde mọ́, ẹ ní ojú yín ti sọ gbogbo aṣọ di ọ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ aró! Ó dùn mí dé eegun.

Mo ní bí ojú bá kọ̀, ọwọ́ ò kọ̀. Ẹ mọ̀ pé bí a bá di nǹkan mọ́ aṣọ, tí a rẹ ẹ́ sínú aró, bí a bá tú u, ibi tí a dì á yọ gongo, àfi tí a bá lọ̀ ọ́. Gongo yẹn gan-an ni mo fẹ́.

Mi ò rí ìko tí a fi ń di àdìrẹ, ni mo bá tú okùn àpò ìrẹsì. Mo lọ tọrọ àgékù rọ́bà lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà ní ibùdókọ̀ Kókónọ́ọ̀tì, wọ́n ní ṣé màmá fẹ́ wá gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni. Ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ dì. Ẹ̀wà mu omi, ó wú, ó já okùn, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ń rùn. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ò ní tàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí sí kóró àgbálùmọ̀ àti ìdérí ìgò míníràlì. Òjò ibí ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, mò ń gbé e wọlé, mò ń gbé e jáde. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, kò sẹ́ni tí mo lè fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn.

Àfi Màmá Efe, ará Úróbò tí a jọ ń gbé ilé. Mo lọ sí Olódì nítòsí ibí lọ́jọ́ kan, ó rí aṣọ lórí okùn, ó rò pé ó rún ni. Ó dáná èédú sí áyọ́ọ̀nù, ó lọ̀ ọ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀rín gbé e fún mi: "Mama, I don straight am for you!" Ó ní òun ti bá mi nà án. Mo bú u. Ó bú mi padà, ó ní ta ló ń ró aṣọ rírún jáde ní ìlú tiwọn. Mo wá sọ ti ojú yín fún un. Ó di ojú tirẹ̀, ó fọwọ́ wá aṣọ náà títí, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kóró àgbálùmọ̀ dé, ẹ̀kún agolo mílíìkì, ó ní kí n kọ́ òun. A jọ bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ funfun míì.

Òun ló wà nínú àpò yìí. Ibi tó yọ wẹ́wẹ́ ni òkè, ibi tó yọ ńlá ni ìsàlẹ̀. Èyí tó yọ gongo ni kó wà níta. Adùkẹ́, bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án, èmi àtìẹ ni!

Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tó fi mọ́ àwọn ọmọdébìnrin yẹn. Ẹ ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n ró tiwọn wò.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lo aṣọ yìí gbó. Ara yín á le, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀.

Ìyá mi, igun kan wà tí mi ò tú. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdì àkọ́kọ́ lẹ́yìn yín nílé aró. Ẹ fọwọ́ yín tú u. Kí ẹ ró o. Kí ẹ jáde.

Èmi ni ọmọ yín, olórí kunkun,
Àbẹ̀kẹ́.