Màmá Jókòó-Wò àti Ojú Ìwé Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí A Yọ

Ní oṣù kẹta ọdún 1947, nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé bàbá wọn, ni a bí ìyá wa olóògbé. Agbẹ̀bí ni ìyá tí ó bí wọn. Ọmọ méjì péré ni ó wà nínú ilé náà. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù wọ́n lọ, ni ó rán wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá. Màmá kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Ní ọdún 1971 ni bàbá wa olóògbé, olùkọ́ ìṣirò, gbé wọn níyàwó.

Iṣẹ́ ìwádìí ni Màmá yàn: bí àṣà tí a fi tọ́ ènìyàn ṣe ń darí ìwà rẹ̀ níbi iṣẹ́. Láti ọdún 1982, wọ́n ń jókòó lórí àpótí pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ ọ̀gá ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa dá wọn lápàárá: “Màmá Jókòó-Wò ti dé o! Ẹ pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má tẹ ẹ̀fẹ̀ yín síwèé!”

Ní ọdún 1984, ẹ̀gbọ́n tún ẹ̀rọ tí ń se omi aró ṣe, wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà pé ó pé. Ní ọjọ́ kejì, Màmá gbọ́ tí olùdáná ẹ̀rọ náà sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ẹ̀rọ yìí ń ké. Ta ni yóò sọ fún Bàbá?” Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èkejì fèsì pé, “Èmi kọ́ o. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?” Màmá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì lọ sílé. Ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ bú gbàmù. Ẹ̀gbọ́n àti ènìyàn mẹ́ta kú.

Nínú ìwé tí Màmá tẹ̀ ní ọdún 1987, wọ́n to àwọn tí ó gbọ́ tí wọn kò sọ sí ojú ìwé kan, wọ́n sì ka ara wọn mọ́ wọn. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ojú ìwé náà. Wọ́n ní, “Ẹ̀kọ́ tí mo bá yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀, irọ́ ni.” Wọ́n gbé ìwé náà lọ fún aya ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó kà á lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò dáhùn kíkí wọn mọ́.

Màmá kò pa ìsìn ìjọ jẹ. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn. Wọ́n ń ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹni ìsàlẹ̀ léèrè. Ọ̀pọ̀ gbà á lójú wọn, wọ́n sì pa á tì lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́ kẹrin oṣù tí ó kọjá ni wọ́n dákẹ́. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti aya ẹ̀gbọ́n, tí a ránṣẹ́ sí tí kò tíì fèsì, ni ó gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ sùn re o, Màmá. Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má kàn kí wọn lásán. Ẹ sọ ọ́ fún wọn.