Ṣùkú Tí Mo Dì fún Tìmílẹ́yìn

Màámi, ẹ kú ilé o. Ara wa le ní Ìdímù níbí, ilé dùn ṣá.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣùkú? Àárín orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ti Tìmílẹ́yìn ọmọ mi, mo wá ń dì í bọ̀ wá sí etí. Gbogbo ẹsẹ̀ irun bá so dirodiro yí ojú rẹ̀ ká! Ọpẹ́lọpẹ́ fìlà sùtánà tó bò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá rẹ̀ kàn kẹ́rù lọ sinmi díẹ̀ ni. Ó mú òòyà lọ, ìdí ṣíbí ni mo fi la irun náà. Ó mà dùn-ún ṣe o! Àbí òkè ni wọ́n ń dì í lọ?

Tìmílẹ́yìn ní kí n kí yín. Ìyá rẹ̀ náà á kí yín, tó bá gbé ìpè mi.