Kásẹ́ẹ̀tì Tí Bàbá Ń Bèèrè

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Owó oògùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ dé. Ọwọ́ Màmá tí Bàbá ṣẹ́ ti ń sàn, ó ti ń gbé ife.

Bàbá ló ní kí n kọ̀wé. Látìgbà tí apàlọ́ orí rédíò ti kú, àárò ohùn rẹ̀ kò jẹ́ kí Bàbá àti onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa sọ nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ Àìkú, onígbàjámọ̀ ní nínú ìtàn tí apàlọ́ náà sọ kẹ́yìn, ìyàwó tí ọkọ ń lù fi ọ̀bẹ gún ọkọ náà pa. Bàbá ní irọ́ ni, ìyàwó foríjì í ni. Ló bá gbé àga, ó fi fọ́ onígbàjámọ̀ lójú kan. Ẹ̀jẹ̀ bo dígí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní kẹ́ ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gba ìtàn náà sí ránṣẹ́, kí àdúgbò gbọ́ pé òun jàre. Èmi rántí o, onígbàjámọ̀ ló sọ òótọ́. Mo fẹ́ ní kẹ́ ẹ dáná sun ún, àmọ́ Màmá ní kẹ́ ẹ tètè fi ránṣẹ́. Òun fẹ́ jókòó ti Bàbá kó gbọ́ ọ dópin.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín fún wa. Láti àná ni Màmá ti ní kí n bá òun pọ́n ọ̀bẹ ìdáná. Mi ò tíì pọ́n ọn. Ẹ dá mi lóhùn kíá.

Àbúrò yín obìnrin