Ilé Tí Wọ́n Kùn De Ikú Mi

Èmi, Micah Ayọ̀délé Akínladé, ọmọ bíbí Ọ̀tan-Ilé, àgbẹ̀ kòkó tí ń gbé Iléṣà, ni mo ṣe ìwé ìpíngún yìí. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú kíndìnrín mi ti dé ọkàn, àmọ́ kò dé orí. Orí mi pé. Lọ́yà Adédìran ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ilé Iléṣà di ti Phebe, ìyàwó mi. Ogójì ọdún la fi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Nígbà tí dókítà ní oògùn kan wà tí wọ́n ń fi dírípù fà síni lára, tí ń jí àwọn sójà inú ara tó ti sùn lọ kí wọ́n lè dìde sí jẹjẹrẹ, Phebe ló ta ẹ̀gbà ọrùn wúrà rẹ̀ kí a lè rà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ ọ́ rí. Kí Lọ́yà kà á sókè.

2. Ilé Ọ̀tan-Ilé di ti Amos, àkọ́bí mi tó wà ní Dàda Estate, Òṣogbo. Mo ní kí ó dá owó sí oògùn náà, ó ní kò sí owó lọ́wọ́ òun. Kò pé oṣù kan tó fi kó péńtà lọ sí Ọ̀tan-Ilé, ó pààrọ̀ òrùlé, ó sì lẹ táìsì yí ibi tí wọn yóò sin mí sí ká. Ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá ń kun ilé arúgbó tó ń ṣàìsàn, kálukú ti mọ ohun tó kù. Àwọn kan ti ń kí Phebe kú ará fẹ́ra kù. Mo bi dókítà bóyá wọ́n lè fa díẹ̀ nínú oògùn náà sí Amos lára, kí ohun tó sùn nínú òun náà lè jí.

3. Pósí tí Amos rà pamọ́ sí gáréèjì, mo fi sílẹ̀ fún Amos. N kì í wọ ohun tí wọn kò wọ̀n mí fún.

4. Ewúrẹ́ mẹ́ta àti àdá mi di ti Ìdùnnú, àbígbẹ̀yìn mi, tó ń gbé mi lọ gba dírípù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Oògùn náà ń yún mi bíi wèrèpè. Òun ló ń bá mi họ ẹ̀yìn.

5. Oko kòkó. Mo mọ̀ pé òun lẹ ń dúró dè. Lẹ́yìn dírípù karùn-ún, fọ́tò inú ara tí wọ́n yà fún mi fi hàn pé ohun tó wú nínú ọkàn mi ti dín kù sí ìdajì. Amos sunkún nígbà tó gbọ́; ó ní ẹkún ayọ̀ ni. Dókítà kò ṣèlérí kankan, ó kàn ní kí n máa gbà á lọ. Nítorí náà, mo ti ta oko náà. Ohun tí oògùn bá jẹ kù, kí Phebe àti Ìdùnnú pín in. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, n kò sì ní í kú nítorí pé ọ̀dà ara ilé ti gbẹ.

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní Iléṣà, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

M. A. Akínladé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Julianah Ìmísíolúwa, nọ́ọ̀sì.
Lùkúmọ̀n Akeem, péńtà tí Amos kó lọ sí Ọ̀tan-Ilé. Ògiri ẹ̀yìn ló kù tí kò tíì kùn. Mo ti ní kí ó fara balẹ̀.